Àṣíborí Tí Ẹ̀gbọ́n Kùn Ní Búlúù

Ìyàwó, gbọ́ ná. Ọkùnrin kan wà tí ó ti dàgbà tán, tí ó ní aya, tí ó ní ọmọ, síbẹ̀ tí ó ń kó nǹkan inú eré tẹlifíṣọ̀n jọ. Má rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní kékeré, eré kan wà tí wọ́n máa ń wò, nípa àwọn èèyàn tí wọ́n ń fi ọkọ̀ rìn láàrin ìràwọ̀. Eré náà ti parí tipẹ́. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni kò tíì parí. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń fi ike àti páálí ṣe nǹkan tó jọ tinú eré náà: ìbọn tó ń tan iná, bàtà bí irin, àti àṣíborí ọ̀gá ọkọ̀, èyí tí wọ́n kà sí jù.

O lè ṣe àṣíborí kó jọ ọ́ tán pátápátá. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀, o ò tíì ṣe nǹkan kan lójú wọn. Àwọ̀ eérú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe eérú lásán. Búlúù díẹ̀ wà nínú rẹ̀, bí ojú ọ̀run ṣe máa ń rí nígbà tí òjò bá ń bọ̀. Èmi ni mò ń ta ọ̀dà fún wọn, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń da ọlọ́jà láàmú. Ẹni tó fẹ́ kun ilé á ra ọ̀dà, á máa lọ. Àwọn wọ̀nyí á fi díẹ̀ kun páànù, wọ́n á jókòó tì í títí á fi gbẹ, wọ́n á gbé e sínú oòrùn, wọ́n á tún gbé e wá sábẹ́ òrùlé. Wọn kì í fi ọ̀dà tútù ṣe ìdájọ́, nítorí ohun tó o rí nígbà tó tutù kọ́ lo máa rí bó bá gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin yìí ni wọ́n fi ṣe onídàájọ́. Bí àwọ̀ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ti àtàǹpàkò bọ ọ̀dà, á tẹ̀ ẹ́ sínú àṣíborí náà. Èyí tí kò bá ní ìka ẹ̀gbọ́n nínú, ọmọ àlè ni wọ́n ń pè é. Àwòrán ọ̀gá ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ẹ̀gbọ́n kì í wò ó. Ó ní àwòrán máa ń ṣí. Ó ní orí òun ni àwọ̀ náà wà, kò sì ṣí níbẹ̀ rí.

Ilé kan ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń gbé, ilé bàbá wọn. Ẹ̀gbọ́n wà níwájú, àbúrò wà lẹ́yìn, àwọn aya wọn sì ń dáná nínú ilé ìdáná kan ṣoṣo. Àárín wọn dùn. Nígbà tí àbúrò parí àṣíborí tirẹ̀, ó gbé e lọ síwájú pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

“Kí lo kùn yìí? Ó rí bí ẹ̀kọ bàbà.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún un wò dáadáa.”

“Mo ti wò ó. Lọ fi búlúù sí i.”

Àbúrò lọ. Ó fi sáńpépà ha á, ó fi búlúù sí ọ̀dà, ó tún un kùn. Ẹ̀gbọ́n kọ̀ ọ́. Ó tún ha á, ó tún kùn ún. Ẹ̀gbọ́n tún kọ̀ ọ́, lójú gbogbo ẹgbẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

“Ọwọ́ rẹ ò mọ̀ ọ́n,” ó ní. “Máa ṣe bàtà. Fi àṣíborí sílẹ̀ fún àwọn tó ní ojú.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ara àbúrò gbóná.

“Ẹ ń jowú mi ni,” ó ní. “Ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ nǹkan yìí lẹ́yìn yín.”

“Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn? Èmi tí mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn?”

“Ẹ̀yin náà ni.”

Bó ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Àbúrò ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mọ́. Ẹ̀gbọ́n náà ò pe àbúrò mọ́. Bí aya ẹnì kan bá wọ ilé ìdáná, aya ẹnì kejì á jáde. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé tí yóò háyà, ó sì ní kí aya òun máa di ẹrù díẹ̀díẹ̀. Rò ó wò. Ilé tí bàbá wọn kọ́ kí wọ́n má bàa pínyà, ọ̀dà ló fẹ́ tú u.

Aya ẹ̀gbọ́n gbìyànjú. Ó lọ bá àbúrò lẹ́yìn ilé.

“Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n yín ò rí bó ṣe ń ṣe mọ́. Gbogbo nǹkan ló ń bá jà. Lánàá, ó ní mi ò fọ agbádá funfun òun kó mọ́. Èmi! Agbádá tí mo fọ̀ títí tí ọwọ́ mi bó.”

“Ìyá Bọ́sẹ̀dé,” àbúrò ní, “ẹ jẹ́ kó máa bá yín náà jà. Kò ní jẹ́ èmi nìkan.”

Obìnrin náà kọrí sí ilé ìdáná.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tún máa ṣe ìpàdé, ẹ̀gbọ́n ní òun á fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n. Ó ti ṣe àṣíborí tuntun. Ó fi aṣọ bò ó, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní kí gbogbo wọn súnmọ́ ọn. Ó ká aṣọ kúrò.

Búlúù pátápátá ni àṣíborí náà. Búlúù tí a fi ń fọ aṣọ ni, kò sí eérú kankan nínú rẹ̀. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú ìkòkò aró ni ọ̀gá ọkọ̀ já sí ni?”

Àwọn tó kù gbà á. Ẹnì kan ní ọ̀gá ọkọ̀ ti lọ ń ta ọṣẹ. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi pọn omi.

Wàyí o, àbúrò rí àyè. Èébú ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́, ó ti hó tán, ó kù kó dà á síta. Ó la ẹnu. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sójú ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ò bínú. Ó ń wo ẹnu eléyìí, ó ń wo ẹnu tọ̀hún, bí ẹni tó dé bá àwọn èèyàn tí wọ́n ń sọ èdè tí kò gbọ́. Ó yíjú sí ẹni tó súnmọ́ ọn jù. Àbúrò rẹ̀ ni. Ó ti gbàgbé pé àwọn ò bá ara àwọn sọ̀rọ̀.

“Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?” ó bi í jẹ́jẹ́.

Àbúrò gbé èébú mì. Ọ̀rọ̀ agbádá funfun sọ sí i lọ́kàn. Ó mú ìdérí agolo ọ̀dà méjì, ọ̀kan eérú, ọ̀kan búlúù, ó fa ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ jáde sínú oòrùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èwo ni ti ọ̀gá ọkọ̀ nínú méjèèjì?”

Ẹ̀gbọ́n pòṣé. “Ṣé ọmọdé ni mí ni?” Ó nawọ́ sí búlúù, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Èyí kejì ńkọ́?”

“Ìyẹn? Àwọ̀ ilẹ̀ ni. Bí igi gbígbẹ ló rí.”

Àbúrò fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ìgbà tó fi ń bá ẹ̀gbọ́n jà, ojú ẹ̀gbọ́n ló ń ṣàìsàn. Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló ń wa mọ́tò gbé àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ síléèwé láràárọ̀. Bí àbúrò ṣe rántí èyí, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò dà?”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Ẹ ṣáà fún mi.”

Ẹ̀gbọ́n wò ó. “Ọ̀gbẹ́ni, ṣé o ti ń bá mi sọ̀rọ̀ ni?”

Àbúrò gba kọ́kọ́rọ́, ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú. Dókítà fi iná yẹ ojú rẹ̀ wò, ó ní ohun tó dà bíi dígí nínú ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n, bí ike funfun tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Búlúù ò rọ́nà wọlé dáadáa mọ́, ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi ń pọ́n lójú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló sì ń bọ̀, kò jẹ́ kí ẹni tó ni ojú mọ̀. Àbúrò bi í bóyá ojú náà ti lọ. Dókítà ní rárá, ó ṣeé ṣe, wọ́n á yọ ohun tó pọ́n náà, wọ́n á fi tuntun pààrọ̀ rẹ̀. Àbúrò mí kanlẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Wọ́n ṣe é, ó yọrí sí rere. Ọjọ́ tí wọ́n tú aṣọ ojú rẹ̀, ó wo ògiri, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo aya rẹ̀.

“Ìyá Bọ́sẹ̀dé, gèlè rẹ yìí mà mọ́ o.”

“Ó ti mọ́ tipẹ́!” obìnrin náà kígbe, ó sì bú sẹ́kún.

Wọ́n délé. Ẹ̀gbọ́n wọ pálọ̀, ó rí àṣíborí búlúù kan lórí pẹpẹ.

“Ta ló kun ìranù yìí?”

Ẹ̀rín gbé àbúrò, ó di ògiri mú. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí, ó wá yé e. Ó jókòó, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú tuntun náà. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó yíjú sí àbúrò.

“Èyí tó o kọ́kọ́ gbé wá bá mi ńkọ́?”

“Ẹ ní kí n ha á. Mo ti ha á.”

“O ò jẹ̀bi. Gbé e wá, ká jọ kùn ún.”

Aya àbúrò ti ń tú ẹrù lẹ́yìn ilé. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kó tú u.

Ìyàwó, ìwọ ni mò ń bá wí. O wá sọ́dọ̀ mi láàárọ̀ yìí pé ìyá ọkọ rẹ ti sú ọ, pé ó ń sọ kiri pé o kì í kí òun. O ní o ń kúnlẹ̀, o ń kí i, á ní ẹnu rẹ kàn ń mì lásán, pé o fi òun ṣe ẹlẹ́yà. O fẹ́ kó ẹrù jáde. Mo ti gbọ́. Rédíò ìyá yẹn ńkọ́, tí gbogbo àdúgbò ń bá a gbọ́? Ta ló ń yí rédíò sókè báyẹn bí kì í ṣe ẹni tí etí rẹ̀ ń dí?

Mi ò sọ pé gbogbo ìyá ọkọ tó le ló ń ṣàìsàn. Òmíràn wà tó kàn burú, tí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n o ò tíì mọ èyí tí tìrẹ jẹ́, o ti di ẹrù. Lọ́la, má kí i láti ẹnu ọ̀nà. Lọ síwájú rẹ̀ gan-an, kó lè rí ẹnu rẹ, kó o sì kí i kó rinlẹ̀ bí ẹni tó ń polówó ọjà. Bó bá dáhùn, ọmọ mi, ọkàn ẹ balẹ̀ nìyẹn, ìyá ò kórìíra rẹ, wá ẹni tó ń wo etí fún un. Bí ó bá gbọ́ ọ yéké tó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, padà wá bá mi. Èmi fúnra mi ni màá bá ọ ru ẹrù.