Ọ̀rọ̀ Wíwọ́ tí Ìyá Ìbídùn Sọ ní Àgbómẹ̀

"Ọ̀rọ̀ tó wọ́ sàn ju ọ̀rọ̀ tó kú síkùn lọ." Ní agbègbè wa ní ẹ̀bá ààlà, kò sí ọmọ tó gbọ́njú tí kò tí ì gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn baba ńlá wa ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Obìnrin tó kọ́kọ́ pa á bá wa gbé ní Ìdí-Ẹ̀mì, ẹ̀rù ńlá kan tó bà á ni ó sì kọ́ ọ lọ́gbọ́n rẹ̀.

Ayọ̀ká ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbídùn ni gbogbo ìlú ń pè é. Opó ni, òrí ni ó ń ṣe tà. Kì í ṣe ojo ènìyàn. Nígbà tí paramọ́lẹ̀ wọ inú àká ilé rẹ̀, òun nìkan ló fi igi pa á, tó sì ti gbé e sọnù kí àwọn ọkùnrin àdúgbò tó mú àdá dé. Àmọ́ ohun kan wà tó ń bà á lẹ́rù ju ejò lọ, ìyẹn ni pé kí àwùjọ ènìyàn fi òun rẹ́rìn-ín.

Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, lọ kọ́ iṣẹ́ irun ṣíṣe ní Kútọnu. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé Dòsú, ọmọ Fọ̀n tó gbọ́ Yorùbá, tó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó, Dòsú sì mú un lọ sí ìlú bàbá rẹ̀, Àgbómẹ̀. Nígbà tí Ayọ̀ká gbọ́ orúkọ ìlú náà, ẹ̀rù bà á. Orúkọ yẹn ni ìyá rẹ̀ àgbà máa ń fi pa á lẹ́nu mọ́ ní kékeré bí ó bá ń sunkún lálẹ́, nítorí àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ kó nínú àwọn ẹbí wọn lẹ́rú láyé àtijọ́. Ogun ti parí tipẹ́, ọmọlúàbí ènìyàn sì ni Dòsú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí a bá gbìn sínú ọmọ kì í tètè gbọ́ pé ogun ti parí.

Ìbídùn bí ọmọbìnrin kan, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Sẹ̀namí. Nígbà tí ọmọ náà wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìdí-Ẹ̀mì, ikọ́ mú un, Ayọ̀ká sì gbé e lọ sí ibùdó ìlera. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Wọn ò tí ì dé ẹnu ọ̀nà tí ojú ọmọ náà fi wú, tí ètè rẹ̀ nípọn, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì ń fun bí fèrè. Díẹ̀ ló kù kí ó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré fún un ní oògùn mìíràn, ó padà mí. Wọ́n wá kìlọ̀ fún Ayọ̀ká pé ara ọmọ náà kọ oògùn yẹn, kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un mọ́ láéláé. Wọ́n dárúkọ oògùn náà fún un, ṣùgbọ́n nínú ìpayà yẹn, orúkọ náà kò dúró lórí rẹ̀. Ohun tó dúró ni ìrísí rẹ̀: ìgò kékeré tí ìyẹ̀fun funfun wà nídìí rẹ̀, tí wọ́n da omi sí, tí wọ́n sì mì títí tó fi dà bí omi ẹ̀kọ. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Ìbídùn. Ìbídùn dúpẹ́ pé ọmọ òun yè, ṣùgbọ́n kò ronú láti sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí Ìbídùn tún lóyún, ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé: "Màmi, ẹ ó wá bá mi tọ́jú Sẹ̀namí bí mo bá bímọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ Faransé díẹ̀, nítorí Dòsú kì í gbélé, mi ò sì fẹ́ kí ẹ máa jókòó láàárín àwọn èèyàn bí odi."

Lásìkò yẹn, Tíṣà Láníhùn, ọkùnrin kan tó kàwé ní Àjàṣẹ́, ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Faransé nírọ̀lẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú wa. Àwọn awakọ̀ tó ń ré ààlà kọjá àti àwọn télọ̀ tó fẹ́ máa rán aṣọ fún àwọn ará òdìkejì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ayọ̀ká nìkan ni ìyá àgbà láàárín wọn. Ẹ̀yìn pátápátá ni ó jókòó sí, lórí àga àwọn ọmọ kéékèèké, tí orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Tíṣà ní kí kálukú dìde sọ orúkọ ara rẹ̀, kí wọ́n sì fi "sẹ mapẹ́lì" ṣáájú, èyí tó túmọ̀ sí "orúkọ mi ni". Télọ̀ kan dìde, ahọ́n rẹ̀ lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ ẹ̀rín yẹn gún Ayọ̀ká bí ẹ̀gún. Nígbà tó kàn án, ó dìde, ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Ó rọra jókòó padà.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó lọ bá Tíṣà.

"Tíṣà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má pè mí dìde mọ́. Mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. Bí mo bá délé, màá sọ ọ́ fún ìkòkò òrí mi."

Tíṣà Láníhùn rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ìkòkò ò ní bi yín ní ìbéèrè. Ọjọ́ tí èèyàn bá bi yín ńkọ́?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọjọ́ yẹn dé bá mi lójijì."

Tíṣà fi í sílẹ̀. Láti ìgbà náà, Ayọ̀ká a máa wá, a máa gbọ́, a sì máa lọ láì la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ń wọlé sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: omi, ọmọ, jẹun, sùn, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò sí ìkankan nínú wọn tí etí ènìyàn gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìhìn dé pé Ìbídùn ti bímọ, pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde, kí ìyá rẹ̀ máa bọ̀ kíákíá. Ayọ̀ká di ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń lọ ni ó ń gbọ́ tí èdè àwọn èrò ń yí padà, títí tó fi ku òun nìkan pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, Ìbídùn ṣì wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn, kò lè dìde. Ọmọ tuntun, ọkùnrin, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ayọ̀ká gba ìtọ́jú Sẹ̀namí nílé.

Kò pẹ́ tí ìṣó fi gún Sẹ̀namí lẹ́sẹ̀ nínú àgbàlá. Ẹsẹ̀ náà wú, ó kẹ̀, nígbà tó sì di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ara ọmọ náà gbóná janjan, ojú rẹ̀ ń lọ sókè. Dòsú gbé e, Ayọ̀ká tẹ̀ lé e, wọ́n kọrí sí ilé ìwòsàn kan náà. Ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, dókítà yẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó bá Dòsú sọ̀rọ̀ ní Faransé, ó sì rán an lọ ra oògùn kan tí kò sí lọ́dọ̀ wọn.

"Ìyá, ẹ dúró tì í," ni Dòsú wí. "Wọ́n ní egbò ẹsẹ̀ yẹn ló fa ibà yìí. Mò ń bọ̀."

Dòsú kò tí ì jìnnà nígbà tí nọ́ọ̀sì kan wọlé pẹ̀lú àwo irin lọ́wọ́. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ojú rẹ̀ kò le. Ó gbé àwo kalẹ̀, ó mú ìgò kékeré kan, ó fa omi sínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín.

Ìyẹ̀fun funfun ló wà nídìí ìgò náà. Bí ó ṣe ń mì ín, ó ń dà bí omi ẹ̀kọ.

Ayọ̀ká rántí ìgò ọjọ́sí. Ó yíjú sẹ́nu ọ̀nà, kò rí Dòsú. Wọ́ọ̀dù Ìbídùn wà ní òdìkejì ọgbà, bí ó bá sì sáré lọ síbẹ̀, abẹ́rẹ́ yóò ti wọlé kí ó tó padà. Ó wo àwọn tó jókòó ti ọmọ wọn lórí àwọn ibùsùn yòókù, Fọ̀n ni gbogbo wọn ń sọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá kì í ṣe oògùn yẹn. Ìyẹ̀fun funfun pọ̀ láyé. Ta ni òun tí òun yóò dá nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ní ìlú àna, ní èdè tí òun kò lè fi sọ orúkọ ara òun? Nọ́ọ̀sì ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Ó ti fi òwú tútù nu itan ọmọ náà. Ayọ̀ká la ẹnu, gẹ́gẹ́ bó ṣe là á lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì, ohùn kò jáde.

"Màmá àgbà, yóò dùn mí," ni Sẹ̀namí wí, ó na ọwọ́ sí i.

Bí Ayọ̀ká ṣe pariwo "bẹ́ẹ̀ kọ́" ní Faransé nìyẹn. "Nọ̀n! Nọ̀n, màdáámù!"

Nọ́ọ̀sì dúró. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan wàràwàrà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni ń sọ pé kí ìyá àgbà má bẹ̀rù, abẹ́rẹ́ kò ní dun ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀. Ó tún tẹ̀ síwájú.

Ayọ̀ká wá ọ̀rọ̀ nínú ara rẹ̀. Tíṣà kò kọ́ wọn ní "oògùn". Kò kọ́ wọn ní "ara kọ̀ ọ́", kò kọ́ wọn ní "ó fẹ́ pa á nígbà kan". Èyí tó rí kó jọ ni "jẹun" àti "ọmọ". Ó na ìka sí abẹ́rẹ́ náà, ó sì ké ní Faransé pé: "Sà mọ́nsì lọ́nfọ̀n! Sà mọ́nsì lọ́nfọ̀n!" Ohun tó sọ ni pé, "Ó ń jẹ ọmọ! Ó ń jẹ ọmọ!"

Obìnrin kan lórí ibùsùn kejì bú sẹ́rìn-ín. Èkejì rẹ̀ gbà á. Ẹ̀rín gba wọ́ọ̀dù kan, irú ẹ̀rín tí Ayọ̀ká ti ń sá fún láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ó wọ àárín nọ́ọ̀sì àti ibùsùn. Ó tún un sọ. Ó fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó wú, ó fi ìka pa ojú ara rẹ̀ dé, ó di ọ̀fun ara rẹ̀ mú, ó sì ń mí bí ọmọ náà ṣe mí lọ́jọ́sí.

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì wo ìgò, ó wo ọmọ, ó wo ìyá àgbà. Ó gbé abẹ́rẹ́ padà sínú àwo. Ó fi ọwọ́ kan èjìká Ayọ̀ká, ó sì jáde pẹ̀lú eré láti pe dókítà.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni dókítà àti Dòsú wọlé. Ayọ̀ká rọ́ gbogbo rẹ̀ fún Dòsú ní Yorùbá, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, Dòsú sì ń túmọ̀ rẹ̀. Dókítà béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó mi orí, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì kó oògùn náà kúrò, kí ó lọ mú òmíràn wá. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun kan tí Dòsú kò túmọ̀. Dòsú kàn jókòó sétí ibùsùn, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tí kò ní egbò lé itan.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Ayọ̀ká béèrè.

Dòsú ní: "Ìyá, wọ́n ní ara ọmọ yìí kò lágbára lónìí rárá. Wọ́n ní ká ní oògùn yẹn wọ ara rẹ̀ ni, a kì bá máa sọ èyí tí à ń sọ yìí."

Sẹ̀namí yè. Egbò rẹ̀ jinná, ó ń sáré kiri kí ìyá rẹ̀ tó lè rìn dáadáa.

Nígbà tí Ayọ̀ká padà sí Ìdí-Ẹ̀mì, ó gba kíláàsì lọ nírọ̀lẹ́, ó sì jókòó síwájú. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó sọ orúkọ rẹ̀ ní Faransé, ó ṣì í sọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán, ó sì rọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Àgbómẹ̀ fún wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Awakọ̀ kan wà níbẹ̀ tí òun náà kì í la ẹnu, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ayọ̀ká kọjú sí, tó ní: "Ọmọ mi, sọ̀rọ̀. Bí mo bá ní kí n dúró di ìgbà tí Faransé mi bá tọ́, ibojì ni ǹ bá ti máa kí ọmọ-ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tó wọ́ sàn ju ọ̀rọ̀ tó kú síkùn lọ."

Láti kíláàsì yẹn ni òwe náà ti bọ́ síta, tí àwọn awakọ̀ gbé e kọjá ààlà, tí àwọn télọ̀ sì ń pa á fún ọmọ iṣẹ́ wọn. Bí ọmọ bá mọ ohun tó ń ṣe é ṣùgbọ́n tí kò mọ bí yóò ṣe wí i, bí ìyàwó ilé bá rí ewu tó ń bọ̀ tó sì ń bẹ̀rù pé wọn ó pe òun ní aláìmọ̀kan, bí àlejò bá dákẹ́ síbi tó yẹ kó ti ké gbàjarè, àwọn àgbà á ní kí ó sọ ọ́ bó ṣe rí lẹ́nu rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó wọ́ sàn ju ọ̀rọ̀ tó kú síkùn lọ. Èyí tó wọ́, ẹni tó gbọ́ ọ lè bá wa tò ó. Èyí tó kú síkùn, òkú mìíràn ni í máa wá tẹ̀ lé e.