Sítóòfù Orí Ààtàn

Sítóòfù tuntun bú gbàmù mọ́ Ìbídùn lọ́wọ́, iná sì jó o lápá. Àwọn aládùúgbò kí i kú ewu, wọ́n ní kó máa dúpẹ́. Ìyá Fọlárìn tó ń gbé yàrá kejì ju sítóòfù náà sórí ààtàn: “A kì í fi ohun tó fẹ́ pani pamọ́.”

Oró apá kò jẹ́ kí Ìbídùn gbà bẹ́ẹ̀. Ó lọ wú sítóòfù náà jáde lórí ààtàn, òun àti Ìyá Fọlárìn gbé e lọ bá lọ́yà tó ń gba ẹjọ́ mẹ̀kúnnù rò lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́yà yẹ ìdí sítóòfù náà tó là wò. “Ẹ̀bi ilé-iṣẹ́ tó ṣe sítóòfù yìí ni. Ẹjọ́ wà ńbẹ̀.”

Ni Ìyá Fọlárìn bá ká ìró sókè, àpá iná hàn lórúnkún rẹ̀. “Irú rẹ̀ ló jó mi lọ́dún tó kọjá. Mo rò pé èmi ni n kò mọ̀ ọ́n tàn, ojú sì tì mí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́yà, ẹ kọ orúkọ tèmi náà sí i.”