Bí Orí Awó Ṣe Pá

Àwọn ẹgbẹ́ àáró mi pè mí ní ọ̀lẹ. Lójú àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀, nítorí pé mo sọ ọkọ́ sílẹ̀ tí mo sá wọlé nígbà tí àrá ń kù. Ó dáa. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ mi, kí ẹ gbọ́ ohun tí àwọn òbí yín ò fẹ́ gbọ́.

Nígbà láéláé, tí ẹranko ṣì ń roko, Awó dúdú bí ìdí ìkòkò. Iyẹ́ orí rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń fi í di ṣùkú.

Awó, Ọ̀bọ àti Òkété jọ ń ṣe àáró. Lónìí, wọn á kọ ebè lóko ẹnì kan. Lọ́la, ó di oko ẹlòmíì. Ẹni tó bá sá kí iṣẹ́ tó parí, wọn ò ní dé oko tirẹ̀ mọ́.

Nígbà tó kan Awó, iṣu rẹ̀ ti ń hù nínú abà. Bí kò bá gbìn ín lọ́jọ́ náà, yóò bàjẹ́, ebi yóò sì pa àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ebè méjì péré ló kù tí ojú ọ̀run fi ṣú. Àrá kù rìrì lókèèrè.

Òkété dáwọ́ dúró. "Ìyá Awó, ẹ jẹ́ ká sá wọ ihò mi. Bí a bá ti ń gbọ́ ohùn Àrá, ọwọ́ rẹ̀ lè tó wa."

"Òkété ojo! Nígbà tí mo ń kọ tìrẹ nínú oòrùn, ṣé mo sá? Ebè méjì!"

Ọ̀bọ ní, "Tí òjò bá dé, ṣebí abẹ́ àràbà nìyẹn. Igi ńlá báyìí, kí ló fẹ́ ṣe é?"

"Òun ló ga jù lóko," ni Òkété wí. "Àrá kì í bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá ga ló máa ń gbá létí."

Ó sọ ọkọ́ sílẹ̀, ó kó sínú ihò. Ọ̀bọ pariwo tẹ̀lé e: "Ìyàwó tuntun, o gbàgbé ìbòjú!"

Òjò dé. Awó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, òun àti Ọ̀bọ fẹ̀yìn ti àràbà. Wọ́n ṣì ń fi Òkété rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ tí Àrá fi nawọ́.

Gbàù!

Àràbà là sí méjì. Iná ta pàrà, ó fọ́n sí gbogbo ara Awó, ó fi àmì funfun síbẹ̀. Ṣùkú jó kanlẹ̀. Ọ̀bọ fò sókè, ó fìdí ba ẹ̀ka tó ń jó, irun ìdí sì bá a lọ.

Òjò dá, Òkété ò yọjú. Ó gbé iṣu kaná. Ìgbà tí iṣu jiná, tí kò gbọ́ ohùn Àrá rárá látìgbà tó ti gbé e kaná, ló tó jáde. Ó bá àwọn méjèèjì nílẹ̀, tí wọ́n ń mí gúlegúle. Ó fún wọn níṣu jẹ, ó kọ ebè méjì náà, ó sì bá Awó gbin iṣu rẹ̀ tán.

"Òkété," ni Awó wí, "orí mi ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, ìyá. Irun ni kò sí."

Láti ọjọ́ náà ni ara Awó ti rí tótòtó, tí orí rẹ̀ pá, tí ìdí Ọ̀bọ pá, tí Òkété kì í sì í jìnnà sí ihò.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àáró mi tí ẹ ń dúró kí òjò dá lábẹ́ igi, tẹ̀yin ti ọkọ́ léjìká, èwo lẹ fẹ́ kó pá? Orí ni àbí ìdí? Ẹ dá mi lóhùn!