Ọnàjídé àti Ìkòkò Sísán ti Ìsàmì

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí odi amọ̀ ṣì yí ìlú Ìsàmì ká tí obìnrin kì í sì í dá lọ pọnmi, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí Àwẹ̀ró amọ̀kòkò sọ fún ọkọ rẹ̀ ni pé, “Àwọn tó sán nínú iná yẹn, má dà wọ́n nù. Fetí sí wọn ná.” Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ògiri, kò sì yí i padà mọ́.

Ọnàjídé ni ọkọ náà ń jẹ́. Òun ni agbẹ́gi tó ń gbẹ́ odó fún gbogbo Ìsàmì, ọkùnrin tí apá rẹ̀ le bí ìtì ìrókò tí ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú, ẹni tí àáké kì í ṣì lọ́wọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ kan ń tó níbi tí ẹlòmíràn ti ń sọ mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n sin Àwẹ̀ró tán, ó lọ jókòó ti òkìtì ìkòkò sísán lẹ́yìn ilé, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹnu èyí tó tóbi jù. Ohùn tó jáde wúwo, ó jìn, ó sì ń gba ilẹ̀ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ará ilé kejì fi jáde wá wo ojú ọ̀run bóyá òjò ń bọ̀. Ó gbá òmíràn. Tìyẹn yàtọ̀. Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, ó sì padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Kì í ṣe ọmọ Àyàn, nítorí náà kò ní ẹ̀tọ́ sí ìlù aláwọ, kò sì béèrè fún un. Ohun tí wọ́n ń jù sẹ́yìn ilé ló fi dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Abíọ́nà ló kọ́kọ́ wá bá a, opó kan tó ń ṣe epo pupa, tó sì fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ.

“Ọkọ Àwẹ̀ró,” ni obìnrin náà wí, “bí orí rẹ bá ti dàrú, sọ fún mi kí n mọ bí n ó ti máa kí ọ. Bí kò bá sì tíì dàrú, irin díẹ̀ ló kù tí nǹkan yìí ń fẹ́.”

“Ẹ gbé e wá, ìyá.”

Ó kó ọkọ́ márùn-ún tó ti jẹ tán wá, ó fi okùn so wọ́n rọ̀ láti kékeré dé ńlá, ó sì ń fi egungun màlúù lù wọ́n. Ẹnì kẹta wọn ni Ìgè, àlejò tí àwọn akónilẹ́rú ti jó abúlé rẹ̀ níná, tí Ọnàjídé sì gbà sílé. Ìgè na okùn ọrun sórí odó kan tó ti là, ó ń fi ìka ta á, odó náà sì ń kùn bí oyin.

Ọ̀sán ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń lu nǹkan wọn, nínú agbo ilé Ọnàjídé. Ẹnikẹ́ni kò jó. Àwọn ènìyàn ká ọwọ́ gbera, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Ní Ìsàmì, ìlù a máa ki ọba, a máa ki ọdẹ, a máa dárúkọ baba ẹni títí orí ẹni yóò fi wú. Èyí kò ki ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ilé dé ilé: ìlù tí kò bá ará ìlú sọ̀rọ̀ yìí, ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Balógun Ògúnjìnmí, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́, gbọ́ ìbéèrè náà, ó sì ní òun yóò máa ṣọ́ wọn.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, bí wọ́n ti ń lù ú lọ́wọ́, àwọn akónilẹ́rú jáde láti inú igbó, wọ́n gba ẹnubodè odò wọlé, wọ́n sì gbé obìnrin méjì lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Balógun ti dúró sí iwájú ilé Ọnàjídé.

“Ta lò ń lù ú fún?”

“Kò sẹ́ni tí mò ń lù ú fún, Balógun.”

“Ènìyàn kì í gbá ìkòkò kó má ní ìdí.”

“Ìyàwó mi ló kú, Balógun.”

“Ìyàwó tèmi náà kú. N kò gbá nǹkan kan.” Ó yíjú sí Ìgè tó ń ṣá igi lẹ́bàá ògiri. “Èyí ńkọ́? Ta ló mọ baba rẹ̀?”

“Èmi ni mo gbà á sílé. Ohun tó bá ṣe, ọrùn mi ló wà.”

“Ọrùn rẹ yóò dùn mí,” ni Balógun wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá a lọ. Ó kù sínú Ọnàjídé. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wo ọwọ́ Ìgè bó bá ń jẹun, tó ń ka ìṣẹ́jú bó bá lọ sí oko tí kò tètè dé. Nígbà tí wọ́n tún jókòó láti lù ú, kò wo ìkòkò tirẹ̀ rárá. Ojú Ìgè ló ń wò. Ó sì rí i pé ojú Ìgè ń sá lọ sí orí ògiri agbo ilé, ó ń padà, ó tún ń sá lọ. Ọnàjídé fi ojú tẹ̀ lé e. Orí ènìyàn mẹ́fà ló rí lórí ògiri, tí wọ́n na ọrùn bí àgbébọ̀, tí wọ́n ń ṣọ́ ọwọ́ wọn. Ó mọ gbogbo wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè odò ni.

Kò tíì ronú kan ibì kankan nígbà tí igbe ta láti ìhà odò. Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n tún gbé lọ.

Lọ́jọ́ kejì ìlú pé síwájú Onísàmì, ọba wọn. Àwọn kan ti mú kùmọ̀ tí wọn yóò fi fọ́ ìkòkò dání. Balógun dìde, ó ní:

“Kábíyèsí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wá, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ìkòkò yìí dún. Ní ọjọ́ tí kò dún, ẹran lásán kò sọnù. Mi ò rí ọkùnrin yìí kó bá ará igbó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ẹní òfo nílé ènìyàn márùn-ún, mo sì rí àlejò kan tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ kí ó lọ, kí àlejò rẹ̀ sì tẹ̀ lé e.”

Ọnàjídé dọ̀bálẹ̀, ó sì dìde.

“Kábíyèsí, kí ẹ̀mí yín gùn. Ẹ fún mi ní ọjọ́ ọjà kan sí i. N ó kó nǹkan mi lọ sí ẹnubodè odò, níbẹ̀ ni n ó ti lù ú. Kí Balógun kó gbogbo ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ wá, kí wọ́n dùbúlẹ̀ sínú yàrà tó wà nínú odi, kí wọ́n máa ṣọ́ mi. Bí àwọn akónilẹ́rú bá wá tí wọ́n sì mú ẹyọ ènìyàn kan lọ, ẹ pa mí.”

“Bí wọn kò bá wá ńkọ́?” ni ọba bi í.

“Ẹ fọ́ gbogbo rẹ̀, kí n máa lọ.”

Kùn-ùn-kùn-ùn gba ààfin. Ọkùnrin tó ti ilẹ̀kùn méjèèjì mọ́ ara rẹ̀, kí ló rí tí ẹlòmíràn kò rí? Balógun gbà láti wá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ túbọ̀ dín kù bí ẹni tó ń wo inú ihò.

Lójú ọ̀nà ilé ni Ọnàjídé tó sọ ọ́ fún àwọn méjì yòókù. “Àwọn ará igbó kò mọ̀ wá rí. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé bí ìkòkò bá ti dún, kò sẹ́ni tó kù ní ẹnubodè odò. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń wà.”

“Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọba?” ni Abíọ́nà wí.

“Wọ́n á ní mo ń gbé ẹ̀bi mi ru Balógun. Ẹ jẹ́ kí ojú wọn rí i.”

Ìgè yíjú sí Ọnàjídé. “Ẹ fura sí mi, bàbá.”

“Mo fura sí ọ.”

“Mo rí i. Èmi náà fura sí yín.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” ni Abíọ́nà wí, “èmi fura sí ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ rora, ẹ má fọ́ ọkọ́ mi.”

Ọjọ́ ọjà pé. Wọ́n ṣí ẹnubodè odò sílẹ̀ gbayawu, àwọn mẹ́ta náà sì jókòó nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kún inú yàrà, àdá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kọjú sí igbó. Ọnàjídé ni gbogbo wọn kọjú sí. Balógun dùbúlẹ̀ sí ibi tó sún mọ́ ọn jù. “Bí ọwọ́ rẹ bá yí padà lọ́nà tí kò yé mi,” ó wí jẹ́jẹ́, “n ó gún ọ.”

Ọnàjídé gbá ìkòkò. Ohùn náà gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, ó kọlu òkè, ó kọlu igbó, ó padà, kò sì sí ẹni tó wà nínú igbó tó lè sọ ibi tó ti ń wá. Ọkọ́ ń dún lé e, okùn ọrun ń kùn lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti lù ú fún ìgbà pípẹ́ kí ewé tó mì. Àwọn akónilẹ́rú jáde, bí ogójì, wọ́n ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Olórí wọn rí ènìyàn mẹ́ta níbi tó ti retí pé kò ní sí ẹnì kankan. Ó ju ọ̀kọ̀. Ọ̀kọ̀ náà wọ Ọnàjídé ní ìhà.

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Bí ìkòkò bá dákẹ́, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, wọn yóò sì yí padà sínú igbó. Ọnàjídé akọni, òpó tí ẹ̀fúùfù kò mì, ó fi ọwọ́ kan di ìhà mú, ó fi ọ̀kan gbá ìkòkò, títí ẹni ìkẹyìn nínú wọn fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ inú odi. Nígbà náà ni ó dáwọ́ dúró. Abíọ́nà àti Ìgè ti ilẹ̀kùn, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì dìde láti inú yàrà. Kò sí ọ̀kan nínú ogójì náà tó rí ọ̀nà sá lọ. Àwọn tó kù láàyè nínú wọn ni wọ́n fi pààrọ̀ àwọn ọmọ Ìsàmì márààrún tí wọ́n ti gbé lọ.

Balógun wá bá Ọnàjídé níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

“Báwo lo ṣe mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ lónìí?”

“Ẹ bi àwọn ọmọ ẹ̀ṣọ́ yín pé níbo ni wọ́n dúró sí ní ẹ̀ẹ̀mejì ìṣáájú.”

Balógun bi wọ́n. Láti ọjọ́ náà, kò gbé ojú sókè mọ́ láàárín ìgbìmọ̀.

Ọnàjídé kú ní ọjọ́ kẹta. Orúkọ tí wọ́n sọ ibẹ̀ ni Ẹnubodè Ìkòkò. Lọ́dọọdún wọ́n ń gbá ìkòkò sísán níbẹ̀, wọ́n sì ń dáwọ́ dúró ní àárín orin, níbi tí òun ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ kì í yíjú wo ijó, igbó ni wọ́n ń kọjú sí. Síbẹ̀, àwọn àgbà kan wà ní Ìsàmì tí wọ́n ṣì ń rẹ ohùn sílẹ̀ sọ pé ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ mọ ẹnì kan nínú igbó.

Nígbà tí wọ́n wọ ilé rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n rí ohun tí kò tíì ṣe. Kò tíì gbẹ́ inú odó ayaba. Kò tíì sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ. Kò tíì fún Ìgè ní ilẹ̀ tó ṣèlérí fún un. Kò tíì kó aṣọ Àwẹ̀ró fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹní méjì ló wà nílẹ̀ nínú yàrá, kò sì tíì ká èkejì.