Ètè Ọdẹ Nígbà Ọyẹ́

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òótọ́ ni, àmọ́ wọn ò sọ bí ètè ọdẹ ṣe rí.

Nígbà ọyẹ́, Ọdẹ́rìnlọ ń kọ́ ajá rẹ̀ tuntun pé bí òun bá ti súfèé, kó sáré wá. Lọ́jọ́ kan, ajá lé òkété wọ inú èéfín igbó tó ń jó. Ọdẹ súfèé títí, ajá ò yọjú.

"Ó ti lọ nìyẹn," ló wí. "Olóríkunkun ni."

Ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣẹ́gi nítòsí wo ẹnu rẹ̀.

"Bàbá Ṣínà, fèrè wo lẹ fọn? Ètè yín ti là, atẹ́gùn lásán ló ń jáde. Mo ní kí ẹ fi òrí pa á, ẹ ní ọdẹ kì í para bí ìyàwó ọ̀ṣìngín."

Ọdẹ wo èéfín, ó na ètè sí ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà tú òrí létí aṣọ, ó fi pa á. Ọdẹ tún súfèé, ó dún gooro. Ajá já jáde pẹ̀lú eérú lára, ó ń wo ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni pé, "Kí ló dá yín dúró?"

Bí ẹ bá pa òwe yẹn fún Ọdẹ́rìnlọ lónìí, á kọ́kọ́ bi yín pé: "Ṣé ọdẹ ọ̀hún ti para?"