Ẹyìn Tí Kò Ní Ọ̀pẹ Lókè

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ̀rín tó. Ẹ̀yin àgbà, ẹ sún àpótí yín mọ́ mi. Mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ mi tí ojú ọ̀nà ti jẹ búra, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Bí mo bá purọ́, kí n má rí ibi sùn lọ́la.

Ní ìgbà kan rí, Òòrẹ̀ ni olùkọ́ gbogbo ọmọ ẹranko. Ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń mọ ẹ̀bìtì ọdẹ, igi ńlá tí wọ́n fi ẹyìn dẹ, tó máa ń wó lu ẹni tó bá fọwọ́ kan ìdẹ náà. A máa wí fún wọn pé, "Ẹ wòkè kí ẹ tó jẹ ẹyìn. Bí ẹ kò bá rí ọ̀pẹ, ẹ béèrè ẹni tó gbé e wá." Àwọn òbí a sì máa kó ẹyìn pupa fòò wá fún un.

Ẹyìn yìí ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ń wò, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

Lásìkò náà, ìlú ẹranko ti pín sí méjì. Àwọn kan ní Ẹfọ̀n ni yóò jọba, àwọn kan ní Ọ̀bọ ni. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn a pàdé lórí Àpáta Gbohùngbohùn láti bú ara wọn. Ẹni tó bá ké níbẹ̀, àwọn òkè yóò gbà á, gbogbo igbó yóò gbọ́. Ìdí nìyí tí àwọn baba wọn fi pàṣẹ pé ẹni tí yóò ké ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn níbẹ̀, kó mú ẹni tó fojú rí i wá, kí onítọ̀hún fọwọ́ lé àpáta. Ṣùgbọ́n ìjà oyè ti gbóná. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀kẹ́rẹ́ rí ọmọ Ehoro tó ń tiro bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kò bi í ní nǹkan kan. Ó sáré gun àpáta.

"Òòrẹ̀ fi ẹ̀gún ara rẹ̀ gún ọmọ Ehoro! Ó gún un!"

"Gún un… gún un… gún un," ni àwọn òkè ń wí.

Ọ̀bọ fò sókè. "Ẹ ò gbọ́! Òkè ọ̀hún sọ bẹ́ẹ̀, òkè ìhín náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí wo ló tún kù? Ọ̀rẹ́ Ẹfọ̀n ṣáà ni Òòrẹ̀!"

"Onírù gígùn, panu mọ́!" ni Ẹfọ̀n dáhùn. "Igbákejì olùkọ́ tí ẹ̀yin mú wá léṣìí ńkọ́? Ṣebí ó ń jí oúnjẹ ọmọ jẹ!"

"Ta ló rí i?"

"Gbogbo ayé ló sọ ọ́!"

Ìgbín, àgbà ibẹ̀, rọra yọjú. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ti Òòrẹ̀ yìí gan-an, ta ló rí i?"

"Bàbá, ẹ wọ ìkarahun yín lọ! Ti Ẹfọ̀n lẹ̀ ń ṣe!" ni àwọn ará Ọ̀bọ ké mọ́ ọn.

Òòrẹ̀ fúnra rẹ̀ dé. Kò jà, kò bú ẹnikẹ́ni. "Ẹ bi ọmọ náà léèrè," ló wí. Wọ́n hó lé e lórí. Ẹfọ̀n tó ń gbèjà rẹ̀ pàápàá kò bi ọmọ náà. Èébú tí yóò fi fèsì ló ń wá. Òòrẹ̀ di ẹrù rẹ̀, ó sọdá odò, ó wọ inú ihò kan.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gba ipò olùkọ́. Ó jẹ ẹyìn títí ikùn rẹ̀ fi le bí òkúta.

"Ọ̀gá, ẹ kọ́ wa ní ti ẹ̀bìtì," ni àwọn ọmọ wí.

"Ẹ sá ti máa sáré. Ẹsẹ̀ yín yá."

Kò mọ̀ ọ́n ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀kẹ́rẹ́ bí, rí ẹyìn nílẹ̀. Kò wòkè. Ẹ̀bìtì wó lù ú, ó há a ní ìbàdí. Bàbá rẹ̀ gbọ́ igbe, ó dé ibẹ̀, ó ti igi náà títí. Igi kò mì. Ó sáré gun àpáta.

"Ẹ gbà mí! Ẹ̀bìtì mú ọmọ mi!"

"Ará ilé Ẹfọ̀n ló júwe ọ̀nà fún ọdẹ!" ni Ọ̀bọ ké.

"Irọ́! Ẹ̀yin ni!" ni Ẹfọ̀n fèsì. "Ọ̀kẹ́rẹ́, ta ló tilẹ̀ rí ọmọ rẹ níbẹ̀?"

"Èmi ni! Ojú mi ló rí i!"

Ariwo bo ohùn rẹ̀. Ọmọ Ehoro nìkan ló tẹ̀lé e sọ̀kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ pe Ọ̀gá Òòrẹ̀. Wọ́n mọ bí a ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀bìtì. Ọjọ́ tí ẹ̀gún gún mi lọ́nà ilé ẹ̀kọ́, àwọn ni wọ́n yọ ọ́ fún mi."

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. "Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹnikẹ́ni kò bi mí."

Wọ́n sọdá odò. Ìyàwó Òòrẹ̀ jókòó lẹ́nu ihò, ó káwọ́ lérí. "Ẹ ti pẹ́ jù," ló wí. "A sin ín lánàá. Ìtìjú kò jẹ́ kó jẹun."

Nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ padà dé ìdí ẹ̀bìtì, wọ́n ti gbé igi kúrò. Ipa ẹsẹ̀ ọdẹ ló wà nílẹ̀. Àwẹ̀ró kò sí. Ó gun àpáta, ó fọwọ́ lé e, ó ní, "Irọ́ ni mo pa!" Ìjà oyè ń lọ lọ́wọ́, wọn kò bojú wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń ké lórí igi, tí ẹnikẹ́ni kì í yà wò ó.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ohùn tó lọ tó bọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù gbé ọ̀rọ̀ olùkọ́ kiri nítorí ìbò, àpáta tiyín nìyẹn. Bí olùkọ́ bá ṣe ibi, ọmọ ni yóò sọ. Bí kò bá ṣe é, ọmọ náà ni yóò sọ.

Ìyàwó Òòrẹ̀ sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ wí kẹ́yìn, kó tó dákẹ́: "Ẹ bi ọmọ náà léèrè."

Ẹ bi ọmọ náà léèrè.