Imú Ẹlẹ́dẹ̀ àti Ẹbu Epo Tí Kò Da Nǹkan Nù

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ẹ ò dáhùn dáadáa. Àwọn tó wà lẹ́yìn yẹn ń jẹ àgbàdo. Ẹ gbé e mì ná. Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí kọjá lórí òkè, ó yí wọ inú epo, ó yọ̀ ṣọ́ọ́, ó wá ṣubú lu Ẹlẹ́dẹ̀. Ó kan Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, ó kan Ọba Ẹfọ̀n, ó sì kan Ìyá Alákàn tó ń gbé létí odò.

Nígbà náà, imú Ẹlẹ́dẹ̀ gùn. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń dán. Bí Ẹlẹ́dẹ̀ bá ń lọ kí àwọn àna rẹ̀, imú rẹ̀ á ti wọlé, á ti jókòó, wọ́n á ti bu omi fún un, kí Ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó fẹ́ràn imú yìí ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Àwẹ̀ró mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì bá a jà sí i.

Odò kan ṣoṣo ló wà ní ìlú wọn. Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ dá ẹbu epo sílẹ̀ létí odò náà. Ó ń se ẹyìn, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń gbọ́n epo. Gbogbo ohun tó bá ṣẹ́ kù, odò ló ń dà á sí. Omi pọ́n. Omi ń yọ̀. Ẹni tó bá lọ wẹ̀, bí àkàrà ló ń dán bọ̀ wálé. Ọmọ méje ni Ìyá Alákàn bí lọ́dún náà, kò sì sí ọ̀kan tó lè dúró lórí àpáta. Wọ́n á gùn ún, wọ́n á yọ̀. Wọ́n á tún gùn ún, wọ́n á tún yọ̀. Ọba Ẹfọ̀n bínú, ó lé Ọ̀bọ gun orí igi.

Ìlú kò wá rí epo jẹ mọ́. Wọ́n ń jẹ iṣu lásán, wọ́n ń wo ojú ara wọn.

Ẹlẹ́dẹ̀ bá gba ààfin lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, imú rẹ̀ kan ẹsẹ̀ ọba.

"Kábíyèsí, ẹ fún mi ní ilẹ̀ ẹbu náà. Ẹbu tèmi máa ṣe odò lóore. Kò sí ohun tí mo máa dà nù níbẹ̀."

"Kò sí rárá?"

"Kò sí rárá. Bí ẹ bá rí ẹyọ ohun kan tí mo dà nù láti ẹbu mi, ẹ gé imú mi."

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí imú yẹn jẹ́ fún un. Ìyá Alákàn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọba. Ó ní, "Kábíyèsí, mo gbọ́. Kí òun náà rántí pé mo gbọ́."

Ẹlẹ́dẹ̀ mú Àwẹ̀ró lọ gbé nínú ilé ẹbu létí odò, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Epo ń jáde, ó pọ́n, ó ki, ìlú ń yìn ín. Lọ́jọ́ kẹta, ìhá ti ga dé àyà rẹ̀, ìyẹn pàǹtí ara ẹyìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ tán. Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Elépo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìhá yẹn. Mo fẹ́ fi tẹ́ ìtẹ́ fún àwọn ọmọ mi."

Ẹ̀rù ba Ẹlẹ́dẹ̀. Ó rò ó pé ohun tó bá ti kúrò nílé òun, òun ti dà á nù nìyẹn. Ó di imú rẹ̀ mú.

"Mi ò da nǹkan nù."

"Ẹ ò dà á nù. Èmi lẹ fẹ́ fún."

"Ọ̀kẹ́rẹ́, kí lo fẹ́ fi imú mi ṣe?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo imú náà, ó wo ìhá, ó mi orí. Ó lọ. Ẹlẹ́dẹ̀ ki ìhá bọ tìmùtìmù, ó ki í bọ ìrọ̀rí, ó fi èyí tó kù rán agbádá, ó wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà. Kó tó dé, ẹyẹ méjì ti yé sí i lápò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni èésan kún ilé, èèpo líle ara ekùrọ́. Òòrẹ̀ alágbẹ̀dẹ wá.

"Bàbá Elépo, iná èésan ló ń mú irin rọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n kó o."

"Mi ò da nǹkan nù."

Òòrẹ̀ náà lọ. Ẹlẹ́dẹ̀ tẹ́ èésan sí gbogbo ilẹ̀ ilé, ó ní kí Àwẹ̀ró da ìyókù sínú ẹ̀wà kí ẹ̀wà lè ní eegun. Eyín Àwẹ̀ró méjì ló kán lórí oúnjẹ àárọ̀.

Ohun kẹta ló wá burú jù, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ń sàlẹ̀ sídìí ìkòkò epo. Ekòló yọrí nínú ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá, oúnjẹ wa rèé. Bí a bá jẹ ẹ́, ilẹ̀ ló ń dà, ọ̀pẹ yín á sì so ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Mi ò da nǹkan nù."

Ó bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kún àmù. Ó bu ú kún igbá, ó bu ú kún odó, ó bu ú kún bàtà. Nígbà tí bàtà kún, ó da ìyókù sórí ẹní tí wọ́n ń sùn. Àwẹ̀ró dúró sójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì dé orúnkún.

"Baálé mi, ọba ò ní kí ẹ máa kó o pa mọ́. Àwọn ará àdúgbò ń tọrọ rẹ̀. Tó bá ti dọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́, oúnjẹ ni, kì í ṣe ìdọ̀tí mọ́."

"Àwẹ̀ró, imú ta ni wọ́n fẹ́ gé?"

"Imú yín ni."

"Jẹ́ kí n ṣọ́ imú mi nígbà náà."

Ó jókòó sáàárín ilé, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìhá mi ń bẹ nílé o,
*Ṣọ́ imú, ṣọ́ imú.*
Èésan mi ń bẹ nílé o,
*Ṣọ́ imú, ṣọ́ imú.*
Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń bẹ lẹ́ní o,
*Ṣọ́ imú, ṣọ́ imú.*

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ńlá rọ̀. Omi wọlé bá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ilé kún, ògiri ń wú. Ihò kan là lára ògiri tó kọjú sódò. Ẹlẹ́dẹ̀ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún dí i. Ihò kejì là, ó fi ẹsẹ̀ òsì dí i. Ihò kẹta là. Kò sí ohun mìíràn tó gùn tó. Ó ti imú rẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ìyá Alákàn ti ránṣẹ́ pe ọba. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n rí imú kan tó yọ síta lára ògiri, òjò ń pa á.

Ọba ní, "Ìyá Alákàn, ṣé ohun kan ti jáde láti ẹbu yìí?"

"Ó ti jáde, Kábíyèsí."

"Kí ni?"

"Imú ni."

Ẹ mọ irú ọwọ́ tí alákàn ní. Ó na ọwọ́ kan, ó gé imú náà wẹ́lo.

Ẹlẹ́dẹ̀ ké, ó fà sẹ́yìn, ògiri bá wó. Ìhá ya jáde, Ọ̀kẹ́rẹ́ ti wà níta pẹ̀lú agbọ̀n. Èésan ya jáde, Òòrẹ̀ gba gbogbo rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ya jáde, ṣùgbọ́n Ekòló ti pe gbogbo ìbátan rẹ̀ jọ, wọ́n ti lu ilẹ̀ níhò, wọ́n fà á mu. Ọba wo odò. Odò mọ́. Àwọn ọmọ Ìyá Alákàn méjèèje dúró lórí àpáta, kò sí èyí tó yọ̀.

Ọba ní, "Ẹlẹ́dẹ̀, ohun tí o ṣèlérí ti ṣẹ. Kò sí ohun tó dànù."

"Ẹ dá imú mi padà nígbà náà, Kábíyèsí."

Wọ́n wá imú. Àwọn ọmọ Ìyá Alákàn ti fi ṣe ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti tù ú lọ.

Ọba gbé ẹbu fún Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ń fún Ọ̀kẹ́rẹ́, ó ń fún Òòrẹ̀, ó ń fún Ekòló, epo ń ya, odò ń mọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ ò gbà pé ó tọ́. Ó dùn ún, ó dùn ún títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí imú ẹlẹ́dẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ojú ibi tí wọ́n ti gé e fi ń hàn. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀: ó ń fi ara dí i kó má baà ṣàn lọ. Bí ẹ bá sì ju èèpo iṣu sílẹ̀, tó sáré wá jẹ ẹ́, ẹ má pè é ní olójúkòkòrò. Ẹ̀rù ló ń bà á. Díẹ̀ ló kù nínú imú náà.

Ibi tí àlọ́ mi ti fẹsẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀ rèé. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, ẹ lọ pe Ìyá Alákàn wá. Èmi ò ní fi imú mi búra ní tèmi.